Bordeaux ń hú igi àjàrà rẹ̀: kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí wáìnì pupa ilẹ̀ Faransé?

Ẹni tó bá gba àárín odò Garonne àti odò Dordogne kọjá lásìkò òtútù lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí yóò ti rí i: òkìtì igi àjàrà tí wọ́n hú tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, tí wọ́n wọ́ jọ sí etí oko, tó kàn ń retí iná. Wọn kì í ṣe igi tó ti gbó kọjá síso. Ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń so. Agbègbè Bordeaux nibẹ̀, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, ibi tí àwọn olówó ayé ti ń ra wáìnì pupa láti ìrandíran.

Ní 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sanwó ìhúgi fún àwọn àgbẹ̀ Bordeaux, 6,000 yúrò lórí hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan, owó tí wọ́n sì yà sọ́tọ̀ fún un jẹ́ 57 mílíọ̀nù yúrò. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ìjọba Faransé fẹ ètò náà dé gbogbo orílẹ̀-èdè: 4,000 yúrò lórí hẹ́kítà, 120 mílíọ̀nù lápapọ̀, ilẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ sì ní àwọn fẹ́ hú lé ní 25,000 hẹ́kítà. Kò tán síbẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2025, Annie Genevard tó jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn tún kéde 130 mílíọ̀nù míì fún iṣẹ́ kan náà.

Àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ wa mọ bó ṣe máa ń rí tí ìjọba bá ní kí wọ́n gé igi. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí àrùn tó ń wú ẹ̀ka kòkó wọ agbègbè Ìbàdàn, ìjọba amúnisìn rán àwọn tí yóò máa gé e, àwọn àgbẹ̀ sì kọ̀ jálẹ̀. Ti Bordeaux yàtọ̀. Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ló tú jáde sí ìgboro ní oṣù Kejìlá 2022 pé kí wọ́n wá sanwó fún àwọn kí àwọn lè hú u.

Síbẹ̀, wákàtí kan péré sí oko àwọn tó ń hú igi yìí ni oko àjàrà Château Lafite wà, tí ìgò rẹ̀ kan ń ta ọgọ́rọ̀ọ̀rún yúrò, táwọn èèyàn sì ń tò láti rà á. Orúkọ Bordeaux ló wà lára ìgò méjèèjì. Ìwé ìròyìn máa ń pè é ní ìṣòro wáìnì Faransé, bí ẹni pé wáìnì kan ṣoṣo ló wà ńbẹ̀. Lójú tèmi, méjì ni wọ́n, orúkọ kan ni wọ́n jọ ń jẹ́, orúkọ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà nídìí rẹ̀.

Òkúta, èèpo àti sùúrù

Garonne àti Dordogne pàdé ní àríwá ìlú Bordeaux díẹ̀, wọ́n sì di odò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Gironde, tó ṣàn lọ bá òkun Àtìláńtíìkì. Apá òsì rẹ̀ ni Médoc, níbi tí àwọn ìletò bíi Pauillac, Margaux, Saint-Julien àti Saint-Estèphe wà. Irà ló pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí àwọn ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì tó wá fa omi rẹ̀ gbẹ ní nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n bá lábẹ́ rẹ̀ ni òkìtì òkúta wẹ́wẹ́ tí odò ti wọ́ jọ, ilẹ̀ tí àgbẹ̀ iṣu kò ní wò lẹ́ẹ̀mejì. Àjàrà ní tirẹ̀ fẹ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Omi kì í dúró níbẹ̀, gbòǹgbò á wá a lọ sísàlẹ̀; òkúta náà á gba oòrùn sára lọ́sàn-án, á sì máa tú ooru rẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́. Cabernet Sauvignon, irú àjàrà tó máa ń pẹ́ kó tó pọ́n, ni ọba níbẹ̀.

Ní apá ọ̀tún, Saint-Émilion àti Pomerol jókòó lórí amọ̀ àti òkúta ẹfun. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù ju ti Médoc lọ, nítorí náà Merlot tó tètè ń pọ́n ni wọ́n ń gbìn jù, pẹ̀lú Cabernet Franc. Àárín odò méjèèjì ni Entre-deux-Mers, ilẹ̀ gbalasa tí wáìnì olówó pọ́ọ́kú ti ń jáde. Ibẹ̀ ni ìhúgi ti pọ̀.

Àwọ̀ wáìnì pupa kò wá láti inú omi èso. Bí èèyàn bá fún àjàrà dúdú, omi tó máa jáde kò fi bẹ́ẹ̀ ní àwọ̀. Inú èèpo ni àwọ̀ wà, ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń jẹ́ kí èèpo àti omi jọ wà pọ̀ nígbà tó bá ń hó. Èèpo yẹn náà ló ń bu ohun tó ń fa ẹnu sí i, bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gé obì jẹ. Mo ti rí i lóde àríyá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: wọ́n á ṣí ìgò Bordeaux olówó iyebíye, ẹni tó ń retí adùn á tọ́ ọ wò, á sì béèrè bóyá ó ti bàjẹ́ ni. Kò bàjẹ́. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, pàápàá bó bá ṣì kéré.

Ọjọ́ orí wáìnì yìí ló sì yà á sọ́tọ̀ sí ohun mímu tiwa. Ẹmu tí wọ́n dá láàárọ̀, ó ti le nígbà tó bá fi máa dìrọ̀lẹ́, tó bá di ọjọ́ kejì ó ti kan. Wáìnì tó dára láti Pauillac máa ń lo nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ nínú agbá igi óákù tó ń gba 225 lítà, kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá nínú àjà ilẹ̀, ọ̀dọ́ ni wọ́n ṣì ń pè é. Ohun tó lè dúró pẹ́ báyìí ni èèyàn lè kó pamọ́, ohun tí èèyàn bá sì lè kó pamọ́, ó lè fi ṣòwò bí ẹní ra ilẹ̀.

Òwò ọ̀hún ti pẹ́. Láti 1152, nígbà tí Eleanor tó ni Aquitaine, ilẹ̀ tí Bordeaux wà nínú rẹ̀, fẹ́ Henry tó wá di ọba Gẹ̀ẹ́sì, títí di 1453, abẹ́ adé Gẹ̀ẹ́sì ni Bordeaux wà, ọkọ̀ ojú omi sì ń kó wáìnì ibẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ìlú náà tún là sí i lórí ṣúgà àti kọfí láti Saint-Domingue, tó di Haiti lónìí, àti lórí èèyàn. Nǹkan bí 480 ìrìn àjò òwò ẹrú ló gbéra láti èbúté Bordeaux, àwọn tí wọ́n sì kó láti Áfíríkà lé ní 120,000. Àwọn ilé ńláńlá alárà tó wà létí odò Garonne lónìí, owó wáìnì nìkan kọ́ ló kọ́ wọn. Láti 2009 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Musée d'Aquitaine ti ya yàrá sọ́tọ̀ fún ìtàn yìí.

Ìwé 1855

Napoléon Kẹta fẹ́ ṣe àfihàn ọjà àgbáyé ní Paris ní 1855, ó sì béèrè pé kí wọ́n to àwọn wáìnì Bordeaux ní ipò-ipò. Àwọn alárinà ọjà ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Wọn kò jókòó tọ́ wáìnì wò rárá. Iye tí oko kọ̀ọ̀kan ti ń tà láti ọdún pípẹ́ ni wọ́n wò, wọ́n sì pín àwọn pupa sí ipò márùn-ún. Mẹ́rin ló bọ́ sí ipò kìíní: Lafite, Latour, Margaux àti Haut-Brion. Mouton wà ní ipò kejì, inú sì ń bí àwọn tó ni ín títí di 1973, nígbà tí Jacques Chirac, mínísítà ètò ọ̀gbìn ìgbà náà, fọwọ́ sí ìwé tó gbé e sókè. Philippe de Rothschild ti jà fún un fún ọ̀pọ̀ ọdún. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìwé náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Oko 61 ló wà nínú rẹ̀ lónìí.

Ohun kan wà nínú ìwé yìí tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń mu wáìnì kò mọ̀. Orúkọ ni wọ́n fi oyè jẹ, wọn kò fi ilẹ̀ jẹ. Bí oko tó wà nípò kìíní ní Pauillac bá ra ilẹ̀ aládùúgbò rẹ̀ tí kò ní ipò kankan, lábẹ́ ìletò kan náà, ilẹ̀ yẹn lè di ilẹ̀ ipò kìíní lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Bí ó bá sì ta ilẹ̀ rẹ̀ fún aládùúgbò, oyè kò bá ilẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oko inú ìwé náà, ààlà ilẹ̀ wọn lónìí kì í ṣe ti 1855.

Saint-Émilion gbìyànjú ohun tó yàtọ̀. Láti 1955 ni wọ́n ti ní ìwé tiwọn, tí wọ́n máa ń tún ṣe ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ẹni tó bá ṣe dáadáa lè gòkè, kí ẹni tó bá lọ́ra lè sọ̀ kalẹ̀. Ó dára létí. Ohun tó bí ni ẹjọ́ lórí ẹjọ́. Nígbà tó yá, ó sú àwọn ọ̀gá ibẹ̀ pàápàá: Cheval Blanc àti Ausone jáde ní 2021, Angélus tẹ̀lé wọn ní 2022. Pomerol ní tirẹ̀ kò fi ẹnikẹ́ni joyè rí, wáìnì rẹ̀ sì ń ta gọbọi.

Ọjà tí kò ní ìsọ̀

Àwọn oko ńlá Bordeaux kì í sábà ta wáìnì wọn fúnra wọn. Wọ́n ń tà á fún àwọn alágbàtà, alárinà kan á sì wà láàárín tí yóò gba ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. La Place de Bordeaux ni wọ́n ń pe ọjà yìí, ọjà tí kò ní àtíbàbà, tí kò sí ìlú tí kò dé.

Nígbà ìrúwé, nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìkórè, àwọn olùtọ́wò á rọ́ dé láti tọ́ wáìnì tó ṣì wà nínú agbá. Wọ́n á fún un ní máàkì, oko á dá iye lé e, ẹni tó bá fẹ́ á sanwó rẹ̀ sílẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí ìgò tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Àwọn oníkòkó wa mọ irú ẹ̀, kí wọ́n sanwó kòkó tó wà lórí igi sílẹ̀. Ẹni tó ń rà gbà pé òun á rí i ní ẹ̀dínwó, oko sì rí owó fi ṣiṣẹ́. Robert Parker, agbẹjọ́rò ọmọ Amẹ́ríkà tó sọ ara rẹ̀ di olùtọ́wò, ló fi wáìnì 1982 sọ ètò yìí di ohun tí gbogbo ayé ń sáré sí. Ó yìn ín nígbà tí àwọn míì ń ṣiyèméjì, iye rẹ̀ sì gòkè ní ìlọ́po-ìlọ́po. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbà pé owó tí a bá fi sórí Bordeaux kò lè sọnù.

Lẹ́yìn náà ni Ṣáínà dé. Hong Kong pa owó ibodè lórí wáìnì rẹ́ ní 2008, gbàǹjo wáìnì sì ṣí lọ síbẹ̀. Lafite ni wọ́n fẹ́ràn jù. Àwọn tó ni oko náà tẹ nọ́ńbà 8 ní ìkọ̀wé Ṣáínà sára ìgò 2008 wọn, nítorí pé nọ́ńbà oríire ni lọ́dọ̀ wọn, iye rẹ̀ sì fò sókè lẹ́yẹ-ò-sọkà. Àwọn ará Ṣáínà ra ilé oko tó lé ní 100 ní agbègbè Bordeaux. Ṣùgbọ́n nígbà tí Xi Jinping gorí àlééfà tó sì gbógun ti àsè àti ẹ̀bùn láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ọjà ẹ̀bùn já. Ẹni tó ra 2009 tàbí 2010 ní owó gọbọi rí i pé òun lè ra ìgò kan náà lọ́dún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ní iye tí kò tó bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò wá sanwó sílẹ̀ mọ́?

Latour ti rí i ṣáájú. Lẹ́yìn wáìnì 2011 ni wọ́n ti jáwọ́ nínú ètò àsansílẹ̀. Àwọn yòókù pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́. Lafite 2022 jáde sọ́jà alágbàtà ní 580 yúrò ìgò kan. Ti 2023 jáde ní 396. Ti 2024, 288. Kí iye fi ìdajì wálẹ̀ láàárín ìkórè mẹ́ta, kì í ṣe ohun tí àwọn oko ipò kìíní máa ń ṣe tinútinú.

Ẹni tí orúkọ kò bọ́

Ẹ má wulẹ̀ káàánú Lafite. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ká mọ́ ni àgbẹ̀ tó ní 20 hẹ́kítà ní Entre-deux-Mers, tí kò ní ìgò tirẹ̀, tó ń ta wáìnì rẹ̀ nínú ọkọ̀ táńkà fún alágbàtà. Tonneau ni òṣùwọ̀n wọn, 900 lítà, èyí tó kún 1,200 ìgò. Tí wọ́n bá ra tonneau kan ní 1,000 yúrò, ẹ ṣírò ẹ̀: kò pé yúrò kan lórí ìgò. Lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, iye ọjà ti wà lábẹ́ 1,000 yẹn fún ọ̀pọ̀ àgbẹ̀, owó tí kò kájú iṣẹ́ oko. Ní 2024, ilé ẹjọ́ ìṣòwò ní Bordeaux dá alágbàtà méjì lẹ́bi pé iye tí wọ́n fi ra wáìnì lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan kéré jù lójú òfin, wọ́n sì ní kí wọ́n san ohun tó lé ní 350,000 yúrò fún un.

Ìdí tí iye fi já kò ṣòro láti rí. Ní nǹkan bí 1960, tí a bá pín in dọ́gba, ará Faransé kan ń mu ju 100 lítà wáìnì lọ lọ́dún. Lónìí, kò ju bíi 40 lọ. Àwọn bàbá tó ń gbé ìgò pupa sórí tábìlì lọ́sàn-án àti lálẹ́ ti ń lọ; ọmọ wọn ń mu bíà, tàbí wáìnì olómi pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní rosé, tàbí kí wọ́n má mu ọtí rárá. Pupa ló sì forí fá a jù, bẹ́ẹ̀ ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún wáìnì Bordeaux ló jẹ́ pupa. Ní 2023, ìjọba Faransé àti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ya 200 mílíọ̀nù yúrò sọ́tọ̀ láti ra wáìnì tó ṣẹ́kù nílẹ̀, kí wọ́n sè é di ọtí líle tí àwọn tó ń ṣe lọ́fínńdà àti omi ìfọwọ́ lè lò. Ẹ rò ó wò: kí èèyàn ro oko ọdún kan gbáko, kí ohun tó so di omi ìfọwọ́.

Ìhúgi fúnra rẹ̀ ní ọgbọ́n àrékérekè nínú. Òfin Yúróòpù kò gbà kí wọ́n sanwó ìhúgi kìkì nítorí pé ọjà kò yá. Ni Bordeaux bá ní ọ̀rọ̀ ìlera igi ni. Kò kúkú jẹ́ irọ́: oko tí olówó rẹ̀ pa tì máa ń di ibùba kòkòrò tó ń gbé àrùn flavescence dorée kiri, àrùn tó ń sọ ewé àjàrà di pupa rúsúrúsú tí kò sì ní oògùn. Aládùúgbò tó ń tọ́jú oko rẹ̀ ló máa jìyà rẹ̀. Àwọn tó gbowó náà, àwọn kan dá ilẹ̀ padà fún igbó, àwọn míì ń gbin nǹkan míì. Ṣùgbọ́n 6,000 yúrò lórí hẹ́kítà kò tó owó tí ẹlòmíì jẹ báńkì.

Bourgogne: ogún orí-ò-jorí

Ẹni tó bá fẹ́ rí òdìkejì ọ̀rọ̀ yìí, kó lọ sí ìlà-oòrùn, sí Bourgogne. Pinot Noir nìkan ni wọ́n fi ń ṣe wáìnì pupa ńlá ibẹ̀. Láti 1395 ni Philippe tó jẹ olóyè ibẹ̀ ti pàṣẹ kí wọ́n hú Gamay, irú àjàrà tó ń so púpọ̀ tí kò ládùn tó, lójú tirẹ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n fi joyè níbẹ̀. Wọ́n pín ẹ̀bá òkè náà sí ègé wẹ́wẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ, ààlà àti ipò tirẹ̀, àjọ UNESCO sì fi wọ́n sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2015. Ẹnikẹ́ni tó bá ra ilẹ̀ náà, oyè wà nílẹ̀.

Lẹ́yìn tí Ìdìtẹ̀ Faransé gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìjọ, òfin Napoléon ní kí ogún máa jẹ́ ọgbọọgba láàárín àwọn ọmọ. Ẹni tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdí-igi àti orí-ò-jorí mọ ohun tó tẹ̀lé e. Orí-ò-jorí ni wọ́n pín in, ìran dé ìran. Clos de Vougeot, oko tí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Cîteaux mọ odi yí ká, jẹ́ bíi 50 hẹ́kítà, àwọn tó sì ni ín lónìí tó 80. Àgbẹ̀ kan lè ní ìlà àjàrà mélòó kan péré níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe kò tó ohun tí ayé ń fẹ́, nítorí náà iye rẹ̀ ga gan-an.

Romanée-Conti ló ga jù níbẹ̀, 1.8 hẹ́kítà, tí kò ju pápá bọ́ọ̀lù méjì àti ààbọ̀ lọ. Ní 2018, wọ́n ta ìgò rẹ̀ kan tó jẹ́ ti 1945 ní gbàǹjo Sotheby's ní New York ní 558,000 dọ́là. Kí ló sọ ọ́ di góòlù? Lẹ́yìn ìkórè 1945 ni wọ́n hú gbogbo igi oko yẹn. Kòkòrò phylloxera tó ti Amẹ́ríkà wá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ti jẹ gbòǹgbò àjàrà Yúróòpù run. Ohun tó gba àjàrà là ni pé wọ́n lọ́ ẹ̀ka rẹ̀ mọ́ gbòǹgbò irú ti Amẹ́ríkà. Àwọn ará Romanée-Conti kọ̀, wọ́n ń tọ́jú igi àtijọ́ wọn títí agbára fi tán. Ìgò 600 péré ni 1945 mú wá, títí di 1952 wọn kò sì rí òmíràn rọ. Ìhúgi ti wà kí Bordeaux tó bẹ̀rẹ̀ ẹ, ẹ ò ri.

Ibi tí owó bá pọ̀ tó báyìí, ayédèrú kì í jìnnà. Ní 2008, Rudy Kurniawan, oníṣòwò wáìnì kan, kó wáìnì Clos Saint-Denis ti ilé Ponsot wá fún gbàǹjo ní New York, tí wọ́n kọ ọdún 1945 sí òmíràn lára wọn. Laurent Ponsot wọ bàálù wá láti ilẹ̀ Faransé láti dá a dúró, nítorí pé ìdílé rẹ̀ kò ṣe Clos Saint-Denis rí kó tó di 1982. Wọ́n mú Kurniawan ní 2012, ó ń po wáìnì pọ̀ ní ilé ìdáná rẹ̀ ní Kalifóníà, wọ́n sì rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ní 2014. Àwọn olówó tó ti ń mu ún ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ti yìn ín.

Oòrùn kò mọ òfin

Ọjà tó já kò tíì ni gbogbo rẹ̀. Ní Beaune, olú ìlú wáìnì Bourgogne, àwọn onímọ̀ ṣa àkọsílẹ̀ ọjọ́ ìkórè jọ láti 1354, wọ́n sì gbé e jáde ní 2019: láti 1988, ìkórè ń yá ní ọjọ́ 13 ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àjàrà tó bá tètè pọ́n lábẹ́ ooru máa ń ní ṣúgà púpọ̀, ṣúgà ló sì ń di ọtí. Wáìnì Bordeaux tí ọtí inú rẹ̀ máa ń jẹ́ bíi ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà èwe àwọn bàbá wọn ń kọjá 14 báyìí. Bí ìrúwé bá sì tètè dé, ewé á yọ kí òtútù tó lọ tán. Ní oṣù Kẹrin 2021, ìrì dídì jó ọ̀mùnú oko lọ káàkiri ilẹ̀ Faransé, àwọn àgbẹ̀ sì ń tan àbẹ́là ńláńlá láàárín poro lóru. Lọ́dún kan lẹ́yìn náà, ọ̀dá ni, iná sì jó igbó Landiras ní tòsí Bordeaux.

Ohun tó wá há àwọn àgbẹ̀ lọ́rùn ni òfin orúkọ fúnra rẹ̀. Láti 1935 ni àjọ INAO ti ń ṣọ́ orúkọ ilẹ̀: irú àjàrà tí èèyàn lè gbìn, iye ẹsẹ̀ lórí hẹ́kítà, iye tó lè so. Òfin yìí ló dáàbò bo wọ́n lọ́wọ́ ayédèrú. Wọ́n fẹ́ràn òfin níbẹ̀ débi pé ní 1954, olórí ìlú Châteauneuf-du-Pape kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ̀ òfúrufú àwọn ará ayé míì kò gbọdọ̀ balẹ̀ sínú oko àjàrà wọn. (Òfin náà ṣiṣẹ́ o, kò tíì sí èyí tó balẹ̀.) Ṣùgbọ́n wọ́n kọ òfin orúkọ fún ojú ọjọ́ tó ti kọjá lọ. Ní Bordeaux, kì í rọrùn kí àgbẹ̀ tó gba àyè láti bomi rin àjàrà tó ti dàgbà. Ní 2021, wọ́n gbà kí wọ́n dán irú tuntun wò, bíi Touriga Nacional láti Pọ́túgà àti Marselan, kí ó má sáà ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún oko, tàbí ìdá mẹ́wàá nínú wáìnì náà. Ìgbésẹ̀ ìgbín.

Owó ibodè Amẹ́ríkà tún gùn ún lẹ́yìn. Donald Trump halẹ̀ 200 nínú ọgọ́rùn-ún lórí wáìnì Yúróòpù ní oṣù Kẹta 2025. Ibi tí wọ́n forí tì sí nígbà tó di oṣù Kẹjọ ni 15. Wáìnì olówó iyebíye lè gbé e. Wáìnì ìgò yúrò mẹ́ta kò lè gbé e.

Oṣù Kẹjọ yẹn náà ni Château Lafleur ní Pomerol kéde ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò. Oko kékeré ni, 4.5 hẹ́kítà, ti ìdílé Guinaudeau, wáìnì rẹ̀ sì wà lára àwọn tó wọ́n jù ní Bordeaux. Wọ́n ní láti orí ìkórè 2025, àwọn yóò kúrò nínú orúkọ Pomerol, àwọn yóò kúrò nínú orúkọ Bordeaux, nítorí pé ojú ọjọ́ ń sáré ju òfin lọ, àwọn sì fẹ́ tọ́jú igi àwọn bó ṣe yẹ. Ohun tí òfin gbà kí wọ́n kọ sára ìgò wọn báyìí ni Vin de France, ọ̀rọ̀ kan náà tó wà lára wáìnì tó rọjú jù lọ ní súpámákẹ́ẹ̀tì.